Ẹ So Ajá Yín Mọ́lẹ̀ Kí Àwọn Ọmọ Tó Wọlé Sáà Tuntun

Sí Olóòtú ìwé ìròyìn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, torí inú oṣù náà ni àwọn ọmọ wa máa padà sí iléèwé, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ṣeé fi dọ̀la. Ọ̀rọ̀ àwọn ajá tó ń rìn kiri lẹ́nu géètì iléèwé ni.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Àpáta ni mò ń gbé nílùú Ìbàdàn. Èmi ni mo máa ń mú àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí iléèwé láàárọ̀, èmi náà ni mo sì ń lọ mú wọn bọ̀ lọ́sàn-án, torí ìyá wọn gbọ́dọ̀ ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má bàa ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu géètì, tó sì dúró síbẹ̀ títí agogo iléèwé fi lù, á rí ohun tí ẹni tó fi mọ́tò já ọmọ sílẹ̀ kò lè rí.

Àwọn àgbà ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ajá tiwa níbí ti pa ojúlé olówó rẹ̀ tì, ẹnu ọ̀nà iléèwé ló wá ń ṣọ́. Mi ò ní dárúkọ iléèwé náà, torí kì í ṣe ẹ̀bi àwọn olùkọ́ ibẹ̀, ọ̀pọ̀ iléèwé ní Ìbàdàn ló sì wà nínú ọ̀ràn kan náà. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tó bá ti ń lọ sí aago méje, baálé ilé á ṣí géètì kó lè gbé mọ́tò rẹ̀ jáde, ajá á gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò yọ síta. Baálé ilé ti pẹ́, kò ní bọ́ sílẹ̀ torí ajá. Á ti géètì padà, á wakọ̀ lọ, ajá á wà níta títí di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ aago méje sí mẹ́jọ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ń rọ́ wọ iléèwé.

Ohun tó ń fa ajá wá síbẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Oúnjẹ ni. Àwọn ìyá tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín wà lápá òsì géètì, àwọn ọmọ á jẹ ẹja ku egungun, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á da ọbẹ̀ tó kù sí gọ́tà. Ààtàn kan tún wà lẹ́yìn ògiri iléèwé tí wọn kì í tètè kó. Tí ajá bá ti jẹun níbì kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ ibẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, abo ajá kan lọ bímọ sábẹ́ kọ̀nténà tí wọ́n pa tì lódìkejì ọ̀nà. Ajá ọlọ́mọ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọmọ òun, bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọdé tó máa gbọ́ pé ọmọ ajá wà níbì kan tí kò ní fẹ́ lọ wò ó.

Ní sáà tó kọjá, ọmọbìnrin kékeré kan tó wà ní kíláàsì kìíní já bísíkíìtì bọ́ láti ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti wà nídìí bísíkíìtì náà ṣáájú rẹ̀. Mo rí i tí etí ajá náà lẹ̀ mọ́ orí, tí ìrù rẹ̀ le gbandi, kò jù ú rárá, tí awọ imú rẹ̀ sì ká sókè tí eyín fi yọ. Kò gbó. Ajá tó fẹ́ bu ènìyàn jẹ lè má gbó. Ọmọ náà kò mọ ìkankan nínú gbogbo èyí, bísíkíìtì rẹ̀ ló ń wò. Agboòrùn ọwọ́ mi ni mo nà sáàárín àwọn méjèèjì, mo sì fi ọwọ́ kejì fa báàgì ọmọ náà sẹ́yìn. Ajá gé agboòrùn náà jẹ, eyín rẹ̀ dá a lu. Ibi tí eyín bọ́ sí lára agboòrùn yẹn, tó bá jẹ́ pé ọmọ náà ló wà níbẹ̀ ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ì bá jẹ́.

Àwọn tó wà níbẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ara mi kò balẹ̀ ní tèmi, torí mo mọ ohun tí ehín ajá lè kó wọ ara ọmọ.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí mo wà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ ní ibà ló ń ṣe é, pé kò lè gbé nǹkan mì láti àná. Mo bu omi sínú kọ́ọ̀pù, mo gbé e lọ bá a. Kí kọ́ọ̀pù tó kan ètè rẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti há, ọrùn rẹ̀ le, ó gbọn kọ́ọ̀pù dànù. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ náà o. Ó ń bẹ̀ wá pé ká fún òun lómi, tó bá sì ti rí omi báyìí, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹnìkan tan fáànù torí ooru, bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ sí i lójú, ọ̀fun rẹ̀ tún há. Dókítà wá, ó wò ó, ó sì bi ìyá ọmọ pé ṣé ajá bù ú jẹ rí. Ìyá ní rárá. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní ajá kan bu òun jẹ nígbà tí àwọn ń ti iléèwé bọ̀, òun kò sì sọ nílé torí pé ọ̀nà tí wọ́n ní kí òun má gbà ni òun gbà, wọ́n máa na òun. A wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpá náà wà lókè kókósẹ̀, ó ti jinná pátápátá, kò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò mi.

Kò rí ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe, torí tí àrùn dìgbòlugi bá ti fi ara hàn báyìí, kò sí oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kankan láyé. Ìyá ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń tún un sọ pé, "Èmi ì bá ti nà á? Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe máa nà á?" Mo bẹ gbogbo òbí tó bá ń ka lẹ́tà yìí, lónìí, kí ẹ tó sùn, ẹ pe ọmọ yín, ẹ sọ fún un pé tí ajá bá bù ú jẹ, tàbí tó bá ha á lára lásán, níbikíbi, bó ti wù kó rí, kó wá sọ, ẹ ò ní nà án. Ẹ bá a sọ ọ́ kó yé e. Ẹ̀rù pàṣán ti pa ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àrùn náà, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ajá tó ń da itọ́ lẹ́nu, tó ń sá kiri ìgboro bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, nìkan ni dìgbòlugi. Ajá lè ti ní in nínú itọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó di pé ó ń ṣe wéréwéré. Òmíràn kì í tilẹ̀ ya wèrè, ṣe ló máa dákẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ á já sílẹ̀, àwọn ènìyàn á rò pé egungun ló há a lọ́fun, wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Itọ́ náà ló ń gbé àrùn wọ ojú egbò. Láti ibẹ̀ á máa gba inú iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ọpọlọ. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló sábà ń gbà, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó sì lè tó ọdún kan. Bí ibi tí ajá ti bu ènìyàn jẹ bá ṣe sún mọ́ orí tó ni á ṣe yá tó. Ẹ wá wo ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó dúró ti ajá: ojú ọmọ àti ẹnu ajá, ọgbọọgba ni wọ́n wà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, pé Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù wà, pé láti ara ajá ni àwọn ènìyàn ti ń kó o ní ìgbà 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún ní nínú àwọn tí ẹranko tí wọ́n fura sí ń bù jẹ, 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Àwọn ọmọ iléèwé nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ àrùn tí a lè dènà ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, tí ajá ti bù jẹ yánnayànna, ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ọmọ náà yè é, ó sì dàgbà. Ó ti lé ní 130 ọdún tí abẹ́rẹ́ yìí ti wà láyé, kò sì yẹ kí ọmọ kankan tún máa kú ikú yìí ní Ìbàdàn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe lójú ẹsẹ̀ kò gba owó. Omi àti ọṣẹ ni. Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibi tí ajá ti bù jẹ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Ọṣẹ ìfọṣọ dára, ọṣẹ dúdú náà dára. Ọṣẹ máa ń tú ìbora ọlọ́ràá tó wà lára kòkòrò àrùn náà, kòkòrò náà á sì kú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gùn lójú ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké, ẹ wo aago, ẹ má dá a dúró. Ẹ má fi ata sí i. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má sun irun ajá náà lé e, ẹ má da èédú bò ó. Mo ti rí gbogbo rẹ̀ rí, ojú egbò nìkan ló ń bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòsàn lójọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Dókítà á fún un ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tó dé, á tún fún un lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọjọ́ méje àti lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, àwọn mìíràn á fi ẹ̀ẹ̀karùn-ún kún un lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Tí egbò bá jìn tàbí tó wà lójú, oògùn mìíràn tún wà tí wọ́n máa fún un yí egbò náà ká. Ẹ jẹ́ kó gba gbogbo rẹ̀ pé. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń mú ọmọ wá lẹ́ẹ̀mejì, tí egbò bá ti jinná, wọn ò ní wá mọ́.

Ẹ má sì pa ajá náà. Mo mọ̀ pé inú á ti máa bí yín, igi á ti wà lọ́wọ́. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ níbi tí kò ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ fún un lóúnjẹ àti omi, ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá wò ó. Tó bá pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ajá náà ṣì wà láàyè, tí nǹkan kan kò ṣe é, a jẹ́ pé kò sí àrùn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ọmọ yín jẹ. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá o. Tí ajá bá kú láàárín rẹ̀, ẹ pe dókítà ẹranko, orí ajá náà ni wọ́n máa fi ṣe àyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ti wà láti ọdún 1924, irú iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Ajá tí ẹ lù pa, tí ẹ jù sí odò, kò lè sọ nǹkan kan fún wa.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ wa, tó sì ń dùn mí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bàbá ọmọ kan dìde, ó ní ká ra oró eku, ká fi sínú ẹran, ká jù ú káàkiri iwájú iléèwé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dìde, mo ní, ẹ̀yin òbí, ta ló ń mú nǹkan nílẹ̀ jẹ jù lẹ́nu géètì yìí, ṣé ajá ni àbí ọmọ ọdún mẹ́ta? Ẹran tó bá ṣẹ́kù di àárọ̀ ńkọ́? Adìẹ tó bá jẹ nínú rẹ̀, tí ẹnìkan sì pa á jẹ ńkọ́? Yàtọ̀ síyẹn, bí ẹ bá pa ajá mẹ́wàá lónìí, tí egungun àti ààtàn ṣì wà níbẹ̀, ajá mẹ́wàá mìíràn tí ẹ ò mọ olówó wọn ló máa wá, bóyá ti tẹ́lẹ̀ sàn. Ajá tó ti gba abẹ́rẹ́, tó sì wà nídìí ilé olówó rẹ̀, ààbò ló jẹ́ fún àdúgbò.

Mi ò kórìíra ajá. Ọdẹ ni bàbá mi. Ajá rẹ̀ ń bá a wọ igbó, wọ́n sì ń bá a sùn sí ẹ̀yìn ilé. Kò sí èyí tó ń dá jáde sí ìta. Tí ọ̀kan bá ṣẹ̀ sí ọmọ aládùúgbò, bàbá mi ló máa lọ bẹ̀bẹ̀, òun ló máa tọ́jú ọmọ náà. Ẹni tó bá ní ajá ló ni ohun tí ajá bá ṣe. Ìgbà wo ni a gbàgbé èyí? Nísinsìnyí, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn baálé ilé tí ajá rẹ̀ bu ènìyàn jẹ, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé kì í ṣe ajá òun. Ajá tó ń jẹun nílé rẹ̀ láti ọdún tó kọjá!

Sí ẹ̀yin alájá ní Àpáta àti níbi gbogbo, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹ tó ṣí géètì láàárọ̀, ẹ so ajá. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí iléèwé bá ń jáde. Ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Owó abẹ́rẹ́ ajá kan lọ́dún kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí òbí máa ná tí ajá yín bá bu ọmọ kan jẹ, tí wọ́n wá ń sá kiri láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn torí pé àkọ́kọ́ kò ní oògùn, èkejì kò ní, ẹ̀kẹta ní owó rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ san. Mo ti rí ìyá tó tú aṣọ tó fi gbé owó ọjà rẹ̀ sórí tábìlì kaṣíà, tí owó náà kò tó. Ìbàdàn ni a wà o. Yunifásítì wa ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìṣègùn ẹranko, ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Mọ́kọ́lá. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó máa fún ajá yín lábẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin olóúnjẹ ẹnu géètì, ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé ọjà ò rọrùn. Ike onídèérí kan ṣoṣo tó, kí àwọn ọmọ máa ju egungun sí i, kí ẹ máa gbé e lọ tí ẹ bá ń lọ sílé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lo ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ìlà àárọ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ. Tí ajá bá ń bọ̀, kí ọmọ má sá, torí ajá máa ń lé ohun tó bá ń sá. Kó dúró gbọnin, kó ká ọwọ́ sí àyà, kó má wo ajá náà lójú, kó wá máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Tí ajá bá taari rẹ̀ ṣubú, kó dojú bolẹ̀, kó ká orúnkún mọ́ ikùn, kó fi ọwọ́ bo etí àti ọrùn. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun, èyí tó ń sùn, àti èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú. Kí wọ́n má lẹ̀ ẹ́ lókùúta. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn kí wọ́n ṣe é, kí ẹnìkan ṣe ajá, kí àwọn yòókù dúró. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti fi kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n káńsù ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù, torí káńsù ló ni iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe èmi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ló sọ ọ́, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ìṣàkóso bí àwọn ènìyàn ṣe ń sin ẹran ọ̀sìn inú ilé àti bí àwọn ẹran náà ṣe ń rìn kiri. Ó wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìsọ̀ àti kíósì àti ilé oúnjẹ. Tó bá jẹ́ ti owó kíósì ni, àwọn ọmọ káńsù kì í gbàgbé, wọ́n ń wá gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìyá onímọ́ínmọ́ín lẹ́nu géètì yẹn kí ó tó ta ti ẹgbẹ̀rún náírà. Wọ́n á na ẹsẹ̀ kọjá lórí ajá tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n á gba owó, wọ́n á lọ. Abala òfin kan náà ló ní kí wọ́n rí sí méjèèjì.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé kò sówó, pé ìpínlẹ̀ ló ń mú owó àwọn mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Àwọn tó dàgbà tó mi rántí wolé-wolé, tó ń wọ ilé onílé wo ìkòkò omi, tí gbogbo ìyàwó ilé sì ń gbálẹ̀ kó tó dé. Ẹ fún wolé-wolé òde òní ní iṣẹ́ kan sí i, kó máa béèrè ìwé abẹ́rẹ́ ajá.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí Pasteur kú ní ọdún 1895, ni gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ ìgbógun ti àrùn dìgbòlugi. Kò ní tíì pẹ́ tí àwọn ọmọ wọlé nígbà náà. Mò ń bẹ alága káńsù wa kó lo ọ̀sẹ̀ yẹn, kó kó àwọn dókítà ẹranko lọ sí pápá iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, kí àwọn alájá àdúgbò kó ajá wá gba abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n so àmì mọ́ èyí tó bá ti gbà á lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ sọ pé tí abẹ́rẹ́ bá dé ara ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìlú kan, àrùn náà kò ní rí ibi tàn kálẹ̀ mọ́. Kì í ṣe gbogbo ajá pátá. Ó ṣeé ṣe. Àwọn àjọ àgbáyé ti fi ọdún 2030 ṣe gbèdéke pé kí àrùn tó ń wá láti ara ajá yìí má pa ènìyàn kankan mọ́, ọdún náà sì ti sún mọ́ tòsí.

Kí káńsù tún rí i pé abẹ́rẹ́ ti ènìyàn wà nínú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ó kéré tán, tí gbogbo òbí á mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, torí abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, iná mànàmáná sì ń ṣe wá bó ṣe ń ṣe wá. Fíríìjì tó ń lo oòrùn wà, àwọn abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń pa mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Èyí tí wọ́n fi ń pa ti ọmọ ọwọ́ mọ́ lè gba ti dìgbòlugi náà. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri ibẹ̀ gàdàgbà pé ó wà, kí ìyá ọmọ má tún máa sá kiri Ìbàdàn láàárín òru.

Mo ti mú ẹ̀dà lẹ́tà yìí lọ sí sẹkitéríàtì káńsù, wọ́n sì ti fi òǹtẹ̀ lù ú pé àwọn gbà á. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ iléèwé wa máa ṣe ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé, mo ti ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ajá síwájú, kí á pe baálé ilé tó ni kọ̀nténà yẹn àti àwọn alájá tó yí wa ká, kí á bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Olóòtú, tí dókítà ẹranko kankan tó bá ka èyí bá lè yọ̀ǹda ọ̀sán ọjọ́ kan fún wa nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àdírẹ́sì mi wà lọ́wọ́ yín. A máa pèsè tábìlì, àga àti omi, a sì máa lọ láti ojúlé dé ojúlé sọ fún àwọn alájá kó tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Àpáta, Ìbàdàn.